Ìpàkọ́ Onípàkọ́: Àyẹ̀wò Àwọn Àwòrán Irun tí Ojeikere Yà

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán dé ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ wa pé ojú ni kí a kọ sí i. Baálé ilé yóò jókòó gbọn-in lórí àga, yóò fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, agbádá rẹ̀ yóò tẹ́ rẹrẹ, yóò sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ-ọmọ òun ni òun ń wò. Ẹni tí ó bá wọ iyàrá àlejò ní agbo ilé àtijọ́ ní Ọ̀rányàn, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjàaba, kò ní ṣàì bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pàdé lára ògiri. Kí ni kí a wá wí nípa ayàwòrán tí ó ní kí obìnrin kọ ẹ̀yìn sí òun, tí ó ya ìpàkọ́ rẹ̀, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí àwòrán irun tí ó yà fi tó nǹkan bí 1,000? Ṣé àrífín ni, tàbí ọ̀wọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ayàwòrán náà ni Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere. Ní 1930 ni wọ́n bí i ní Ovbiomu-Emai, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ní 1950 ni ó ra ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Brownie D, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́. Ìbàdàn wa yìí ni ó ti rí iṣẹ́ ìjọba: ní 1954 wọ́n gbà á sí Iléeṣẹ́ Ìròyìn, nínú iyàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Lẹ́yìn èyí ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV, tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1959. Ní 1963 ó kó lọ sí Èkó, ó ń bá iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ya àwòrán. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ àwòrán irun, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2000 wọ́n pàtẹ wọn ní Fondation Cartier ní Paris. Ní 2007 wọ́n dé Kassel ní Jámánì. Ní 2013 wọ́n dé Venice ní Ítálì. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni ọlọ́jọ́ dé.

Bóyá ẹnìkan yóò bi mí pé kí ni fọ́tò ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àti ìjìnlẹ̀ èdè Yorùbá. Èsì mi kò gùn. Ojeikere kò fi orúkọ tirẹ̀ pe àwọn àwòrán wọ̀nyí. Orúkọ tí a ń pe irun ni ó fi pe àwòrán, púpọ̀ nínú orúkọ náà sì jẹ́ èdè wa. Orúkọ irun dà bí oríkì kékeré. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá lè wo àwòrán náà kí ó sì yìn ín, ṣùgbọ́n ìlàjì rẹ̀ ni ó rí.

Kí a tó dé orí irun, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwòrán jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1978 ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tẹ ohun tí ó rí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún jáde. Ó ṣàkíyèsí pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán yóò ya èyí tí ó wà láàyè, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ jókòó ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tí ìkejì jẹ́ obìnrin, èyí tí ó wà láàyè yóò kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wọ aṣọ ti èkejì rẹ̀ tí ó ti lọ. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n gbé lé ìwé pẹlẹbẹ yìí lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé ìyá tí ó san owó àwòrán náà mọ̀ pé ọmọ kan ni ẹ̀rọ rí. Kò sí ẹni tí ó tàn án jẹ. Inúure ni wọ́n ṣe fún un, àti fún òkú ọmọ náà pẹ̀lú. Nítorí náà, ní ilẹ̀ wa, a kì í bi àwòrán pé, "Ǹjẹ́ o jọ ọ́?" nìkan. A ń bi í pẹ̀lú pé, "Ìwà wo ni o hù sí ẹni tí o yà?" Ìbéèrè kejì yìí ni òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọn Ojeikere.

Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ìpàtẹ àwòrán tí ó lókìkí jù lọ ní àgbáyé nípa ènìyàn àti orírun rẹ̀. Ní 1955 ni Edward Steichen ṣí i ní New York, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní The Family of Man, èyíinì ni ìdílé ọmọ ènìyàn. Àwòrán 503 ni, láti ọwọ́ ayàwòrán 273, láti orílẹ̀-èdè 68. Ìbímọ wà níbẹ̀, oko ríro wà níbẹ̀, ijó, ẹkún, ebi àti ikú pẹ̀lú. Ohun tí Steichen fẹ́ fi hàn ni pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ayé. Èrò náà dára, pàápàá fún ayé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàtẹ náà dé Moscow ní 1959, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà fa díẹ̀ ya nínú àwọn àwòrán náà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ìhòòhò àti òṣì ni wọ́n fi ṣe àfihàn ènìyàn dúdú, nígbà tí wọ́n fi ọmọ aláwọ̀ funfun hàn nínú aṣọ iyì. Èmi kò ní yin ẹni tí ó fa iṣẹ́ oníṣẹ́ ya. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà dúró. Ará Faransé nì, Roland Barthes, ti sọ ohun tí ó jọ ọ́ ṣáájú: pé òótọ́ ni pé gbogbo ènìyàn ni a bí, gbogbo ènìyàn ni yóò kú, ṣùgbọ́n inú ilé wo ni a bí ọmọ sí, ṣé yóò sì là á? Ẹni tí ó bá ní gbogbo wa dọ́gba nínú àwòrán, tí kò bèèrè bí oúnjẹ ṣe tó wa lọ́wọ́, inúure ẹnu lásán ni ó ṣe.

Steichen kó gbogbo ayé jọ, ojú sì pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ jáǹtìrẹrẹ. Síbẹ̀ ọmọ wa kan wò ó, ó rí àbùkù ara rẹ̀ níbẹ̀. Ojeikere mú orí nìkan, orí tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì gbé e ka iwájú aṣọ tàbí ògiri tí kò ní àwọ̀ kankan, ní dúdú àti funfun. N kò tíì gbọ́ pé ẹnìkan wò ó kí ó sì fẹ́ fà á ya. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Ohun kìíní ni pé ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó yà. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ irun díẹ̀, èyí tí Ojeikere yà àti èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ gba ẹ̀yìn wá síwájú. Kòlẹ́sẹ̀ gba iwájú lọ sẹ́yìn, ó sì parí sí ìpàkọ́ láì ní ìrù. Ṣùkú kóra jọ sí àárín orí bí agbọ̀n tí a gbé sókè. Òjò-ń-pa-etí gba etí kan lọ sí ekejì. Nínú àwòrán rẹ̀ ti 1969 ni Pineapple wà, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ti 1971 ni Star Kòròbà, ti 1975 ni Abẹ̀bẹ̀. Ẹran, èso, òjò, agbọ̀n àti kòròbà ni gbogbo wọn, ohun inú igbó àti ohun inú ilé pọ̀. Àwọn ìwé kan a máa sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn àti ìṣẹ̀dá bí ẹni pé ọ̀tá méjì ni wọ́n, tàbí bí ẹni pé ìṣẹ̀dá wà ní ibì kan lọ́hùn-ún tí a ó lọ wò ó. Onídìrí kò mọ ìyẹn. Irun ni ohun tí ó ń hù lára wa bí koríko ti ń hù lára ilẹ̀. Ó ń fi ìlarun la ọ̀nà sí i bí àgbẹ̀ ti ń la poro. Nígbà tí ó bá parí, ó wo ẹ̀dá tí ó wà láyìíká rẹ̀, ó wá orúkọ fún oko tí ó ro. Nínú àwòrán Ojeikere, poro wọ̀nyí mọ́lẹ̀ kedere, funfun awọ orí láàárín dúdú irun, tóbẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka iye wọn. Àìsí àwọ̀ ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Bí ó bá ya aṣọ aláràbarà mọ́ ọn, ojú wa ì bá lọ sí ara aṣọ.

Ẹ sì wo èyí tí ó pè ní Onílé Gogoro tàbí Àkàbà, ti 1975. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó irun náà tí ó fi le, tí ó dìde láti àtàrí, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì so mọ́ra lókè bí igi òrùlé. Ara Ìbàdàn tí ó bá wò ó kò ní ṣàì rántí Ilé Àwòṣífìlà, ilé kòkó alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Obìnrin rí ilé tí ó ga ní ìlú, ó sì gbé e ru. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àtijọ́ tí ó ti kú ni Ojeikere ń tọ́jú. Udoji tí wọ́n fi sọ irun lórúkọ, owó oṣù tí ìjọba fi kún ti òṣìṣẹ́ láàárín 1974 àti 1975 ni. Ogun Parí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn kan sì so orúkọ náà mọ́ ogun abẹ́lé tí ó parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Bí òpìtàn bá sọ ìwé rẹ̀ nù, orí àwọn ìyá wa ì bá sọ díẹ̀ fún un nínú ìtàn.

Ohun kejì ni ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè di ṣùkú sí orí ara rẹ̀ kí ó gún. Ẹni tí a fẹ́ dirí fún yóò jókòó nílẹ̀ tàbí lórí àpótí, yóò gbé orí rẹ̀ sí àárín itan ẹlòmíràn, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Orí, tí a ń bọ, tí a gbà pé Àjàlá ni ó mọ ọ́n lọ́run, ni ó ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun kékeré. Kò yani lẹ́nu pé Ọ̀ṣun, ìyá olómi tútù, ni ìtàn wa fi òòyà sí lọ́wọ́, tàbí pé ẹlẹ́gùn Ṣàngó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, a máa dirí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀rányàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ìgboro Ìbàdàn, ibi ìdirí náà ni ibi ìròyìn, ibi ìmọ̀ràn, ibi tí ọmọge ti ń gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò lè sọ fún un lójúkojú. Òwe wa kan ní ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ni ó ń rí ti ẹni. Ìpàkọ́ ni ibi tí olórí kò lè wò láéláé. Ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ bá a wò ó, kí ó sì bá a tún un ṣe. Èyí ni mo fi gbà pé Ojeikere kò ṣìnà nígbà tí ó kọ ojú sílẹ̀. Ojú ni obìnrin fi ń bá ayé pàdé. Ìpàkọ́ ni ó fi ń gbẹ́kẹ̀ lé ayé. Inúure tí Steichen wá káàkiri orílẹ̀-èdè 68, ó wà ní ibi tí ìka méjì ti pàdé lórí fọ́nrán irun kan. A tilẹ̀ ní irun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí pé apá méjèèjì rẹ̀ pàdé láàárín bí àtẹ́lẹwọ́.

Ohun kẹta ni orírun, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Nínú àwọn àwòrán náà ni ọ̀kan wà, ti 1972, tí ó ń jẹ́ Ife Bronze. Gbogbo wa mọ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Nítorí náà orúkọ yìí gbé orí obìnrin ayé òde òní sí ẹ̀gbẹ́ orí àwọn ọba àtayébáyé. Ó wúni lórí. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Orí idẹ wà títí. Irun kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí wọ́n tó tú u. Ojeikere fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí kì í pẹ́ ni irun dídì, àti pé òun fẹ́ kí àwòrán òun jẹ́ ipasẹ̀ rẹ̀ tí yóò kù sílẹ̀. Ohun tí ó so Ifẹ̀ mọ́ 1972 kò lè jẹ́ irun náà fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ti tú u. Ọwọ́ tí ó kọ́ ọwọ́ ni ó so wọ́n pọ̀, láti ìyá sí ọmọ, láìsí àkọsílẹ̀. Orúkọ Ọ̀rányàn tí àdúgbò wa ń jẹ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ọmọ Odùduwà tí ìtàn ní ìdajì ara rẹ̀ dúdú, tí ìdajì sì pupa, nítorí pé baba méjì ni ó ní ìpín nínú rẹ̀, ni orúkọ yìí ń ránni létí. Orírun wa kò fi ìgbà kan jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé ó wá burú bí ọmọ Emai bá di olùtọ́jú irun Yorùbá, tí ó sì to irun àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà mọ́ ọn láìṣe ojúsàájú?

Mo ti yìn ín, ó sì tọ́ sí i. Nísinsìnyí kí n sọ ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. A mọ orúkọ irun, a mọ ọdún, a mọ orúkọ ayàwòrán. Ta ni obìnrin náà? Ta ni ó di irun náà? Àwòrán tí wọ́n ń pàtẹ ní Paris àti ní Venice kò sọ fún wa. Àwọn kan yóò gbèjà rẹ̀ pé irun ni ó ń yà, kì í ṣe ènìyàn. Pé bí ó bá kọ orúkọ obìnrin sí abẹ́ rẹ̀, àwòrán náà yóò di ti ẹnìkan, kò ní jẹ́ ti gbogbo wa mọ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Bí a bá wí pé irun náà jẹ́ iṣẹ́ ọnà bí ère, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Yúróòpù ti ń wí nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, a jẹ́ pé ère náà ní agbẹ́gilére tirẹ̀. Onídìrí ni. Bí fọ́tò bá gbé orúkọ ẹni tí ó tẹ ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan, tí kò gbé orúkọ ẹni tí ó fi ìka ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ìpín náà kò dọ́gba. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a máa yin orí lẹ́yìn olórí.

Èmi kò di ẹrù yìí lé Ojeikere nìkan lórí. Àṣà wa pẹ̀lú ní ìpín níbẹ̀. A ní oríkì fún ọlọ́dẹ, fún alágbẹ̀dẹ, fún onílù. A mọ ìdílé tí ó ń gbẹ́ ère. Onídìrí mélòó ni a ní oríkì rẹ̀? Nítorí pé obìnrin ni wọ́n, tí iṣẹ́ wọn kì í pẹ́ lórí, a kà á sí iṣẹ́ ilé. Ojeikere kéré tán rí i pé ọnà ni, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀ tẹ̀lé e, nígbà tí àwa tí a ni èdè náà ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Bẹẹrẹ. Òun ní ẹ̀rọ, ó fi ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀. Ohun tí ó kù jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sì ni tiwa.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi ni pé ọ̀wọ̀ ni àwọn àwòrán wọ̀nyí, wọn kì í ṣe àrífín, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò tíì pé ni. Wọ́n fi hàn pé ènìyàn lè bá ìṣẹ̀dá gbé láìsí pé ó sá lọ sí igbó, pé inúure ní ìka àti èékánná, àti pé orírun ni ohun tí a ń tún dì lẹ́yìn tí a bá ti tú u. Kí ẹgbẹ́ wa mú ìwé àti kálàmù, kí a lọ sí Ọ̀rányàn, Mápó, Ọjàaba àti Bẹ́yẹrúnká, kí a bi àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń dirí síbẹ̀ léèrè orúkọ irun kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́ wọn. Bí wọ́n bá sì gbà fún wa, kí a kọ orúkọ tiwọn náà sílẹ̀. Irun òde òní ń ti ilé ìtajà wá, tí a ń dé bí fìlà. Ọwọ́ tí ó mọ òjò-ń-pa-etí kò sì pọ̀ tó ti àná. Bí wọ́n bá lọ tán kí a tó bèèrè, àwòrán 1,000 yóò wà níwájú wa, a ó sì máa wò wọ́n bí àlejò ti ń wò wọ́n, ìpàkọ́ tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín.